Iná Kú, Ó Feérú Bojú: Abúlé Orí Òkè Tó Ń Bọ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tá a ti gbé ìlú Jos rí. Àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n gbé e síbí. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti kú tá a fi dákẹ́ nìkan ni mo yọ kúrò.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà tẹ́ ẹ ti ìsọ̀ yín pa nítorí tiwa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún tẹ́ ẹ ń tẹ fóònù, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Ògbómọ̀ṣọ́ ọmọ ajílété, ìlú wa ò ní dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣẹ! Alága sọ fún mi pé ìṣẹ́jú ogójì ni mo ní, mo ní kò burú, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá ti gbé Jos rí, òtútù ibẹ̀ nìkan, ogójì ìṣẹ́jú ò tó ó sọ.

Ẹ jẹ́ n fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ta ló jẹ pòtétò lọ́sẹ̀ yìí nínú wa, yálà díndín tàbí sísè, èyí tẹ́ ẹ sè nílé tàbí èyí tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń dín in lálẹ́? Ẹ nawọ́. Ẹ ṣeun, ẹ gbé e wálẹ̀. Ó dáa, kẹ́ni tó bá mọ orúkọ abúlé kan, ẹyọ kan péré, níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín, kó nawọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọwọ́ mélòó kan yìí, ọmọ àwọn tó ṣòwò ní Jos ni gbogbo wọn, mo mọ bàbá wọn. Tírélà tó ń gbé e wá ń gba títì wa yìí kọjá láti Ìlọrin lọ sí Ọ̀yọ́, lọ sí Ìbàdàn, lọ s'Ékòó, tọ̀sán-tòru, òmíràn ti ṣubú rí tá a sáré lọ ṣa pòtétò (ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ wà níbẹ̀), síbẹ̀ a ò mọ ilẹ̀ tó ti wá. Ọmọdé tí ò dé oko bàbá ẹlòmíì rí ló ń ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Oko bàbá ẹlòmíì ni mo fẹ́ mú wa lọ lónìí.

Kí n tó gòkè, ẹ jẹ́ n yára sọ báwa ṣe dé ibẹ̀. Kùsà ló kó òyìnbó dé òkè Jos níbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, tin ni wọ́n ń wà. Nígbà tó fi máa di 1914 wọ́n ti fa ojú irin kékeré kan láti Zaria dé Bukuru, nígbà tó di 1927 ojú irin ńlá wọ Jos gba Kafanchan. Ibi tíṣẹ́ bá wà lowó ń wà, ibi tówó bá sì wà, ṣé ẹ máa wá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tì níbẹ̀? Ojú irin ò gba ìlú wa, Ọ̀ffà tàbí Ìlọrin làwọn bàbá wa ti ń wọkọ̀, wọ́n á di aṣọ, wọ́n á di obì, wọ́n á dé Jos, wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù, kò ní pẹ́ wọ́n á kọ́ ilé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi. Bàbá tèmi wà lára wọn, aṣọ ló ń tà kó tó bọ́ sídìí pòtétò. Èmi ò tajà, iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe, abúlé kan lẹ́yìn Panyam, lórí òkè Jos yẹn náà, ni wọ́n gbé mi lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí àwọn ará ibẹ̀ ò rán mi níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ, kẹ́ ẹ dì í mú bí mo ṣe ń lọ: ilẹ̀ yẹn lọ́ràá, àwọn tó ń ro ó ò lówó lọ́wọ́, ẹ̀bi ilẹ̀ kọ́, ẹ̀bi ọ̀lẹ náà kọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gòkè.

Tẹ́ ẹ bá ti Jos kúrò, ẹ gba Bukuru, ẹ kọrí sí Mangu, ilẹ̀ á tẹ́ lọ rẹrẹ, ẹ ó gbàgbé pé orí òkè lẹ wà. Ẹ ó máa rí àwọn kòtò omi ńlá tí omi wọn pọ́n tàbí tó dà bíi búlúù, ibi tí wọ́n ti wa kùsà tí wọn ò dí i padà nìyẹn, àwọn àgbẹ̀ ń fi ẹ́ńjìnnì fa omi ibẹ̀ sí oko lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ kọjá Mangu, ẹ kọjá Panyam, ẹ ń lọ sí Kerang, ibẹ̀ lojú yín á ti bẹ̀rẹ̀ sí là. Òkè ibẹ̀ ò jọ àpáta tiwa. Àpáta tiwa, ràbàtà ni, ó dán, ó bora sílẹ̀ lóòrùn. Tàgbègbè Kerang ṣóńṣó ni, ó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, koríko bò ó láti ìsàlẹ̀ dókè, ẹ bá gun òmíràn dé orí ẹ ó rí i pé àárín ẹ̀ jìn wọnú. Ìgbà míì omi kún inú ibẹ̀. Adágún Pidong, tó wà níjọba ìbílẹ̀ Mangu yẹn náà, ẹnu òkè oníná àtijọ́ ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Iná ló ṣẹlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún gbóná débi pé òkúta ń yọ́. Ibi tílẹ̀ bá ti là, òkúta yíyọ́ yẹn á gbabẹ̀ jáde, apá kan á tú sókè á tún bọ́ padà, á máa kó jọ yí ihò tó ti jáde ká, bẹ́ẹ̀ lòkè yẹn ṣe ń ga, apá kan á ṣàn lọ lórí ilẹ̀ títí á fi tutù táá sì dì. Òkúta dúdú ló ń dì sí, basalt làwọn onímọ̀ ń pè é. Tẹ́ ẹ bá mú èyí tó fúyẹ́ nínú ẹ̀ lọ́wọ́, ihò wẹ́wẹ́ ló kún inú ẹ̀ bí inú àkàrà, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ti ibẹ̀ sá jáde kó tó dì.

Ẹ má da òkúta ibẹ̀ pọ̀ o. Àpáta gàǹgà-gàǹgà tẹ́ ẹ ń rí nítòsí Jos gangan, irú ti Shere Hills, ó ti lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún, àwọn ló gbé tin wá. Òkúta dúdú ti Kerang àti Panyam ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni tá a bá fi wé ìyẹn, mílíọ̀nù ọdún díẹ̀ ni, òmíràn ò tó bẹ́ẹ̀. Àpáta abẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí wá dàgbà ju gbogbo wọn lọ, ó lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Àgbà ni wá níbi òkúta, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáko mọ̀ pé ipò àgbà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe wá láǹfààní, òjò ti fọ ọ̀rá ilẹ̀ wa lọ tipẹ́tipẹ́, iyanrìn ló kù níbi tó pọ̀, ẹ ò bá fi ajílẹ̀ sí i àgbàdo á pọ́n lójú.

Bí iná bá kú, a feérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ ẹ̀ rọ́pò. Ibi òkú àgbà la ti ń pa òwe yẹn. Ẹ wá wo ibi tí iná ti kú lóòótọ́, ẹ wá wo eérú ẹ̀. Òkúta dúdú yẹn, tí òjò bá ń rọ̀ lù ú tí oòrùn ń pa á, á máa rà díẹ̀díẹ̀, á di erùpẹ̀ pupa tó ṣókùnkùn, ó ní irin nínú, ó ní calcium, ó ní magnesium, ó ń mu omi kì í tètè jẹ́ kó lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti da omi tí wọ́n fi fọ tòmátì sẹ́yìn ilé tí tòmátì hù níbẹ̀ láìsí ẹni tó gbìn ín.

Omi ńkọ́? Òkúta yẹn ní ihò, ó ní ìsán, òjò tó bá rọ̀ sórí òkè á wọ inú ẹ̀ lọ, á máa rìn lábẹ́ títí á fi kan òkúta líle tí ò lè wọ̀, á wá wá ibi tú jáde nísàlẹ̀ òkè. Ìsun omi ibẹ̀ mọ́ gaara. Ẹ rántí omi Swan tí wọ́n ń dì sínú ike? Kerang ló ti wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á mu ní gáréèjì nígbà ayé ẹ̀, omi inú òkè iná lẹ mu.

Ó ku òtútù, kí n tó kúrò lórí òkè. Orí òkè Jos ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà sójú òkun, ibi tá a wà yìí ò ju nǹkan bíi 350 lọ. Béèyàn bá sì gòkè tó 1,000 mítà, ooru á dín ní nǹkan bíi dígírì 6.5. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ọ̀sán ò burú, alẹ́ ló wà níbẹ̀, ìdájí oṣù Kejìlá sí oṣù Kìn-ín-ní ló burú jù, ọyẹ́ á máa fẹ́, ọwọ́ èèyàn ò ní lè di ṣọ́ọ̀kì mú. Òtútù yẹn náà ni pòtétò ń fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé pé òyìnbó ló gbé pòtétò wá síbẹ̀, ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n wá jẹ́ kó gbilẹ̀ torí àtibọ́ àwọn sójà. Láàárín 1942 sí 1944 bákan náà, wọ́n fi tipátipá kó àwọn èèyàn lọ wa tin torí ogun yẹn, ọ̀pọ̀ ò padà délé. Ọ̀rọ̀ yẹn tó àpérò ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ n fi í sílẹ̀.

A ti kúrò lórí òkè, ẹ jẹ́ ká wọ abúlé.

Àwọn Mwaghavul ló ni apá Mangu, Panyam, Kerang yẹn, tẹ́ ẹ bá lọ síwájú sí Pankshin ẹ ó bá àwọn Ngas. Àwọn Bẹ̀ròm wà lápá Jos àti Bukuru. Àwa ará ìsàlẹ̀ ń pe gbogbo wọn ní "àwọn ará Jos", a tiẹ̀ ń pe òmíràn ní Haúsá, wọn kì í fẹ́ ẹ rárá. Wọ́n ń sọ Haúsá lọ́jà lóòótọ́, àmọ́ tó bá di inú ilé, èdè wọn ni wọ́n ń sọ. Ẹ wo àwa náà, bí wọ́n bá pe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ará Ìbàdàn, ṣé ẹ ò ní jà?

Ilé wọn ò tò sójú títì bíi tiwa. Agboolé kan níbí, agboolé kan lọ́hùn-ún, oko wà láàárín. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí ni ọgbà. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni wọ́n fi ń ṣe é, ó ga ju èèyàn lọ, kò léwé tó pọ̀, tẹ́ ẹ bá gé e oje funfun á máa ṣàn, oje yẹn kan ojú, wàhálà dé. Ewúrẹ́ ò lè jẹ ẹ́, olè ò lè fò ó, ẹ̀ẹ̀rùn ò lè pa á. Wọ́n ní láyé àtijọ́ tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń kógun bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹṣin ò lè wọ inú ẹ̀. Lẹ́yìn ọgbà ni odi òkúta, òkúta lórí òkúta, kò sí sìmẹ́ńtì, kò sí ẹrẹ̀, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ẹni tó ń gbé inú ẹ̀.

Níbo ni gbogbo òkúta yẹn ti wá? Inú oko ni! Ìgbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rí bàbá àgbà kan tó ń ṣa òkúta ní oko ẹ̀ láàárọ̀, lọ́sẹ̀ kejì ó tún ń ṣa á, lóṣù tó tẹ̀ lé e ó tún ń ṣa á. Mo lọ kí i, mo ní Bàbá, ṣé òkúta yìí kì í tán ni. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bó bá tán kí làwọn máa jẹ. Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni, ló bá ní kí n yí òkúta ńlá kan padà níwájú òun. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, ilẹ̀ gbogbo ti gbẹ táútáú, àmọ́ abẹ́ òkúta yẹn tutù, ekòló wà níbẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé kékeré lòun ń ṣa kúrò torí ọkọ́, òun ń fi àwọn kan sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ omi fún òun. Wọ́n kọ́ mi ní àgíríkọ́ṣọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi níyẹn.

Iṣẹ́ abúlé yẹn pọ̀, kí n má parọ́. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, wọ́n á kọ ebè, wọ́n á gbin pòtétò, tó bá di oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ wọ́n á wú u, àwọn tó lágbára á tún gbin ẹ̀ẹ̀kejì, tẹ́ẹ̀rùn bá dé àwọn tó sún mọ́ omi á tún fi ẹ́ńjìnnì bomi rin ín. Àgbàdo wà, kábéèjì wà, kárọ́ọ̀tì wà. Ẹja pàápàá wà, Panyam ni ọ̀kan lára àwọn oko ẹja tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà wà. Ibi tílẹ̀ ò bá ti fi bẹ́ẹ̀ dáa ni wọ́n ń gbin ọkà kan tó ń jẹ́ acha sí.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí acha, torí àwọn dókítà ń ní káwọn àgbà wa tó ní ìtọ̀ ṣúgà máa jẹ ẹ́, ó sì ti wá di góòlù lọ́jà. Hóró ẹ̀ kéré débi pé tó bá bọ́ sílẹ̀ ẹ ò lè ṣa á, ó kéré ju ọkà bàbà lọ fíìfíì. Kì í béèrè ilẹ̀ olọ́ràá, ó ń hù lórí iyanrìn. Wàhálà ẹ̀ wà lẹ́yìn ìkórè. Àwọn obìnrin ló máa pa á, wọ́n á gún un, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á wá fọ̀ ọ́ nínú igbá léraléra títí òkúta wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ á fi jókòó sísàlẹ̀. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí mo ń gbé lè fi gbogbo ọ̀sán fọ èyí tí ìdílé ẹ̀ máa jẹ lálẹ́. Ẹ bá jẹ acha tó ní iyanrìn nínú, ẹ ń ráhùn, ẹ rántí apá ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Wọ́n ń fi se gwote, ìyẹn àsáró acha pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tútù yàyà àti ẹran tàbí ẹja gbígbẹ, ó gbóná, ó ṣàn díẹ̀. Èmi tí mo ti fi àmàlà dàgbà, mo ní kí lèyí, oúnjẹ aláìsàn. Nígbà tí ọyẹ́ Kejìlá dé, èmi ni mo ń gbé abọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn.

Òtútù ti yí gbogbo nǹkan padà níbẹ̀. Níbí, tí ọmọ iléèwé bá fẹ́ jókòó, abẹ́ igi ló ń wá. Lọ́hùn-ún, tó bá di aago mẹ́jọ àárọ̀, àwọn ọmọ á ní Sir, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáde, kíláàsì ti tutù jù, oòrùn ni wọ́n ń sá tọ̀. Mo máa ń gbé bọ́ọ̀dù jáde sínú oòrùn kọ́ wọn. Ẹ̀fọn ò pọ̀ bíi tiwa, ibà wà àmọ́ kò tó tibí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni èédú, wọ́n á dá iná èédú sínú yàrá, wọ́n á ti wíńdò pa, wọ́n á sùn, gáàsì inú ẹ̀ ti pa èèyàn rí láìmọye ìgbà, kì í rùn, kì í pariwo. Ẹ̀yin tọ́mọ yín ń lọ sin ìlú lápá ibẹ̀, ẹ kìlọ̀ fún wọn.

Wọ́n ní ọdún tiwọn náà, Pusdung lọ́dún àwọn Mwaghavul, gbogbo ọmọ wọn tó wà lẹ́yìn odi ló ń wálé fún un. Wọ́n gbé burukutu, ọtí ọkà bàbà, fún mi, mo ní ọmọ Onítẹ̀bọmi ni mí. Wọ́n ní kò burú, wọ́n gbé kunu acha wá.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, ìyẹn gan-an ló gbé mi dìde lónìí.

Pòtétò ò dà bí àgbàdo tẹ́ ẹ lè gbé sókè àjà. Tẹ́ ẹ bá ti wú u, ó ti ń ka ọjọ́. Òjò oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ń rọ̀ lọ́wọ́, gbogbo abúlé ń wú u pa pọ̀, gbogbo ọjà kún, kò sí ibi òtútù tí wọ́n lè kó o sí, ọ̀nà abúlé ti di ẹrẹ̀. Ta ló máa dá iye? Àgbẹ̀ ni àbí ẹni tó gbé lọ́rì dúró? Ẹ tún wo àrùn tó ń jẹ́ blight, òjò bá pọ̀ kù-kù-kù, ewé á dúdú, tó bá wọ oko kan lónìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ti kárí. Àgbẹ̀ á tún dákú síbẹ̀. Nígbà tó bá wá di àkókò ìgbìn, irúgbìn tó tà ní pọ̀ọ́kú ló máa tún rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju èje lọ.

Báàgì wá ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá bàbá yín ra pòtétò rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ má wolẹ̀. Báàgì ni wọ́n fi ń ra nǹkan, wọn kì í fi kílò rà á. Oníṣòwò á mú báàgì wá, wọ́n á rọ ọ́ dẹ́nu, wọ́n á wá ran okùn mọ́ ẹnu ẹ̀, wọ́n á tún máa tò ó lọ sókè, orí báàgì yẹn á ga tó báàgì kékeré míì. Owó ẹyọ báàgì kan ni àgbẹ̀ máa gbà. Ọmọ kan tí mo kọ́ ní ìṣirò, nígbà tó dàgbà tó di àgbẹ̀, ó fi mudu, abọ́ òṣùwọ̀n ọjà wọn, wọn irú báàgì bẹ́ẹ̀ níṣojú mi. Ó ní Sir, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ìṣirò, ẹ wá bá wa ṣe èyí. Ohun tó wà lórí nìkan sún mọ́ ìdajì ohun tó wà nínú báàgì. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa níbí, wọ́n á tú orí yẹn, wọ́n á fi kóńgò tà á lọ́tọ̀. Kóńgò yẹn náà, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ jẹ́ n dákẹ́, mo fẹ́ jẹun níbí lónìí.

Àwọn bàbá wa kì í ṣe olè. Wọ́n rí bí ọjà ṣe ń rìn, wọ́n bá a rìn, ọ̀nà jìn, tírélà ń dànù, àdánù wà, àwọn tó ń dúró lójú ọ̀nà gba owó wà, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń wá níbi báàgì. Mo mọ̀. Bàbá mi ṣàlàyé ẹ̀ fún mi dáadáa. Àmọ́ ẹni tó jìnnà sí títì jù lọ ló ń san gbogbo gbèsè yẹn, òun nìkan ni ò sì ní ẹni tó lè gbé e lé lórí. Àwa wà láàárín ọ̀nà yẹn, láti orí bàbá wa dé orí wa, torí náà a ò lè máa sọ pé ìjọba nìkan ni.

Ó tún ní ohun tó ju báàgì lọ. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ìpakúpa bẹ́ sílẹ̀ ní Mangu, ọ̀pọ̀ èèyàn kú, ọ̀pọ̀ sá fi ilé sílẹ̀, àkókò ìgbìn gan-an ni. Lọ́dún yẹn náà, ìgbà Kérésìmesì, ó tún kan Bokkos àti Barkin Ladi. Lára àwọn tí mo kọ́ sùn sí iléèwé pẹ̀lú ọmọ wọn. A ń ráhùn níbí pé pòtétò wọ́n, èèyàn mélòó nínú wa ló béèrè ìdí?

Alága ti ń na aago sí mi. Ẹ jẹ́ ká gba ìbéèrè.

(Ọmọ LAUTECH kan béèrè bóyá àwọn òkè yẹn tún lè yọná.)

O ṣeun, ọmọ mi. Ní ti Kerang àti Panyam, kò sí àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni tó rí i kó yọná. Èyí tó ń yọná nítòsí wa ni òkè Kamẹrúùnù, ó ga ju 4,000 mítà lọ, ó yọ iná ní 1999, ó tún yọ ní 2000. Àmọ́ iná nìkan kọ́ ni nǹkan tí irú òkè bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Adágún kan wà ní Kamẹrúùnù tó ń jẹ́ Nyos, ẹnu òkè oníná lòun náà. Alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 1986, gáàsì tó ti ń kó jọ sísàlẹ̀ omi ẹ̀ ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣàn wọ àwọn àfonífojì, ó pa èèyàn tó lé ní 1,700 lójú oorun pẹ̀lú màlúù wọn. Láti 2001 ni wọ́n ti ki páìpù bọ ìsàlẹ̀ ẹ̀ tí gáàsì fi ń jáde díẹ̀díẹ̀.

(Bàbá kan ní ṣé a ò lè máa gbin pòtétò tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́.)

Bàbá, ẹ lè gbìn ín, ewé ẹ̀ á dáa, ẹ ó máa yọ̀. Ẹ wú u, ẹ ó bá hóró wẹ́wẹ́. Alẹ́ tó bá gbóná ju nǹkan bíi dígírì 20 lọ kì í jẹ́ kó ta dáadáa nínú ilẹ̀, alẹ́ wa níbí sì ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ oṣù. Ẹ jẹ́ ká dúró ti káṣú àti máńgòrò wa.

(Ìyálọ́jà kan dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ báàgì yẹn dun òun, ó ní tóun bá lọ fi kílò ra ọjà, tí àwọn tó kù ń fi báàgì olórí rà á, ṣé owó òun máa padà?)

Ìyá wa, ìbéèrè gidi nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, ẹ ó pàdánù, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra pòtétò láti ìlú yìí ò pọ̀ jù, ẹ mọ ara yín, inú ẹgbẹ́ kan náà lẹ wà. Tẹ́ ẹ bá fẹnu kò sí i nínú ẹgbẹ́ pé báàgì tí ò lórí lẹ máa rà, tẹ́ ẹ gbé òṣùwọ̀n kan dání lọ, owó tẹ́ ẹ san ló máa bá ẹrù tẹ́ ẹ gbé mu, ẹ̀yin náà ò ní máa san owó tírélà lórí orí báàgì tó ń bàjẹ́ lọ́nà, torí èyí tó wà lórí yẹn ló kọ́kọ́ ń fọ́ tó sì ń rà. Ẹ bi àwọn ọmọ tó ń já ẹrù lọ́jà Wàsò wò, wọ́n á sọ iye tí wọ́n ń dà nù fún yín. Ẹ mú òṣùwọ̀n lọ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá ṣírò ẹ̀ fún ẹgbẹ́. Ó kan bàbá tó wà lọ́hùn-ún, ẹ gbé máìkì fún wọn.